Ínkúbétọ̀ lè pa ẹyin, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba àwọn àkùkọ?

Bí ọdún Àjíǹde bá ti ń súnmọ́ ní Berlin àti Hamburg, àwọn àpótí kékeré kan a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn Kita àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń mú inú wọn gbóná, ike tó mọ́ gaara ló bò wọ́n lórí, ẹyin bíi 10 tàbí 20 ló sì máa ń wà nínú wọn. Àwọn àgbẹ̀ ló máa ń fi wọ́n háyà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, àwọn ọmọdé a pagbo yí àpótí náà ká, wọn a máa wo bí òròmọdìẹ ṣe ń fi àgógó rẹ̀ ṣá èèpo ẹyin títí yóò fi jáde. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jámánì, inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fojú kan òròmọdìẹ tó wà láàyè.

Ohun tí kì í sí nínú àwòrán tí àwọn òbí ń pín lórí WhatsApp ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú òròmọdìẹ mẹ́wàá, bíi márùn-ún ni yóò jẹ́ akọ. Akọ kì í yé ẹyin. Bó bá dàgbà tán, yóò máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, aládùúgbò yóò sì pe onílé. Ta ni yóò wá gbà á?

Ìbéèrè kékeré ni lójú ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ti gbé Jámánì dé ilé-ẹjọ́, ó gbé e dé ilé aṣòfin, ó sì ti fi kún owó tí à ń ra ẹyin. Ó tún kan ilé wa lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ìyá àgbà ti ń sin adìẹ láìsí àpótí kankan. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyí: kí ni ẹ̀rọ ń ṣe, kí ni adìẹ tó ń sàba ń ṣe, kí ló sì dé tí ọ̀rọ̀ akọ fi di ìṣòro?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 21

Ọ̀pọ̀ ẹyin tí à ń rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kò lè pa láéláé, nítorí pé àwọn adìẹ tó yé wọn kò gbé pẹ̀lú akọ rí. Ẹyin tí yóò pa gbọ́dọ̀ jẹ́ ti abo tí akọ ti gùn. Bí wọ́n bá ti yé irú ẹyin bẹ́ẹ̀, ó lè wà níbi tó tutù díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ní kú, kò sì ní dàgbà. Ṣe ni yóò dúró de ooru. Ìdí nìyí tí adìẹ kan fi lè yé ẹyin mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí gbogbo wọn sì pa ní nǹkan bí ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ tó bá jókòó lé wọn lórí pátápátá ni òǹkà bẹ̀rẹ̀.

Ínkúbétọ̀ ń gbìyànjú láti ṣe bíi ti adìẹ. Ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 37.5 sí 37.8 ní òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá fi ìwọ̀n kan tàbí méjì kọjá ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ inú ẹyin yóò kú tàbí kí wọ́n jáde pẹ̀lú àbùkù. Omi gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí náà, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí ìdá 50 nínú 100, kó sì tó 65 sí 70 ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn. A tún gbọ́dọ̀ máa yí ẹyin padà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, títí di ọjọ́ kejìdínlógún, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo.

Ní bí ọjọ́ keje, a lè gbé ẹyin sí iwájú iná tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn. Bí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, a ó rí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa tó tàn káàkiri bí gbòǹgbò igi. Bó bá mọ́ gaara, òfìfo ni. Ẹyin náà ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí omi tó ń gba ara èèpo jáde, àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí rẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni òròmọdìẹ ti kọ́kọ́ ń mí, kí ó tó fi eyín kékeré kan tó le ní ṣóńṣó àgógó rẹ̀ lu èèpo. Láti ìgbà tó bá ti dá ihò àkọ́kọ́ lu títí yóò fi jáde lè tó wákàtí 24. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa kìlọ̀ pé ká má ṣe bá a ṣí èèpo, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ṣì wà nínú àwọn iṣan tó so ó mọ́ ọn.

Kí ó tó jáde, òròmọdìẹ ti fa pupa ẹyin tó kù sínú ikùn ara rẹ̀. Oúnjẹ ọjọ́ méjì ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lè kó òròmọdìẹ ọjọ́ kan sínú páálí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn láìfún un ní ohunkóhun.

Ti akọ tàbí abo ńkọ́? Ìgbàgbọ́ kan wà pé ẹyin tí ẹnu rẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó ni akọ, àwọn kan sì ní ooru ló ń yí i padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ènìyàn, ti bàbá ni ó ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo. Nínú adìẹ, ti ìyá ni, ó sì ti pinnu rẹ̀ kí ó tó yé ẹyin. Kò sí ínkúbétọ̀ tó lè yí i padà. Ìdajì yóò jẹ́ akọ, ìdajì yóò jẹ́ abo.

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe

Adìẹ tó bá fẹ́ sàba kì í fi pamọ́. Yóò jókòó sínú ìtẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò wú ìyẹ́ ara rẹ̀ sókè, yóò sì ṣá ẹni tó bá na ọwọ́ sí i. Họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní prolactin ló ń darí rẹ̀. Kò ní yé ẹyin mọ́. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ yóò re, kí awọ ara rẹ̀ lè kan ẹyin gan-an. Àgógó ló fi ń yí ẹyin padà. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni yóò dìde láti jẹun, mu omi kó sì yàgbẹ́, lẹ́yìn náà yóò sáré padà.

Nígbà tó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì, àwọn ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú ẹyin. Ìyá yóò sì máa dá wọn lóhùn. Wọ́n ti mọ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá jáde tán, òun ni yóò pè wọ́n sí oúnjẹ, òun ni yóò fi ìyẹ́ bò wọ́n nígbà òtútù, òun ni yóò kígbe bí ewu bá ń bọ̀ lójú ọ̀run. Àwọn àgbà ló sọ pé òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá.

Ẹ̀rọ kò mọ àṣá. Ọjọ́ tí ẹyin bá pa ni iṣẹ́ rẹ̀ parí, ọjọ́ náà gan-an sì ni iṣẹ́ ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Òròmọdìẹ tí kò ní ìyá nílò ibi tó gbóná tó 32 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A ó máa dín in kù ní bí ìwọ̀n mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí ìyẹ́ wọn yóò fi yọ dáadáa. Kò dìgbà tí a bá ń wo ẹ̀rọ kí a tó mọ̀. Bí gbogbo wọn bá kó ara wọn jọ sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n ń mí helehele, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri tí wọ́n ń jẹun, ara tù wọ́n.

Àwọn ará agbègbè Hamburg mọ èyí tipẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá ìlú náà a máa sin òròmọdìẹ nínú yàrá tí àwọn fúnra wọn ń gbé nígbà òtútù, nítorí ibẹ̀ ni sítóòfù wà. Stubenküken ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn òròmọdìẹ inú yàrá. Ọjà Hamburg ni wọ́n ti ń tà wọ́n fún àwọn olówó nígbà tí ẹran adìẹ tuntun bá ṣọ̀wọ́n. Irú adìẹ kan tí wọ́n lò fún iṣẹ́ náà ni Ramelsloher, tí wọ́n fi orúkọ abúlé Ramelsloh ní gúúsù Hamburg pè. Lónìí, ó wà lára àwọn irú adìẹ tí wọ́n ń dù kó má parun.

Bí wọ́n ṣe pín adìẹ sí méjì

Iṣẹ́ kí ẹ̀rọ máa pa ẹyin kì í ṣe tuntun. Àwọn ará Íjíbítì ti ń fi ààrò alámọ̀ pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ohun tí wọ́n ṣe sí adìẹ fúnra rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Wọ́n pín in sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń yé ẹyin bíi 300 lọ́dún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní ẹran. Èkejì ń sanra láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, òun la mọ̀ sí bíróílà. Ní ìlà-oòrùn Berlin títí dòní, Broiler ni àwọn àgbà ṣì ń pe adìẹ yíyan, orúkọ tó ṣẹ́kù láti ayé DDR. Kò yàtọ̀ sí bí àwọn ìyá wa ṣe ń pè é lọ́jà.

Adìẹ tó bá ń sàba kì í yé ẹyin, nítorí náà àwọn tó ń bí adìẹ fún ilé-iṣẹ́ ńlá ń yọ èyí tó bá fẹ́ sàba kúrò, ìran dé ìran. Bí ó ṣe di pé adìẹ tó ń yé ẹyin jù láyé kì í sábà lè pa ẹyin ara rẹ̀ nìyẹn. Bí iná bá kú lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rọ sì dúró, díẹ̀ nínú wọn ni yóò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Arákùnrin rẹ̀ ló wá fara gbá a. Kò lè yé ẹyin, kò sì lè sanra bíi bíróílà. Oúnjẹ tí yóò jẹ kó tó ní ẹran pọ̀ ju owó tí wọ́n lè tà á lọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí wọ́n pa á náà ni wọ́n ń pa á kú, gáàsì ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Ní Jámánì nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 45 ni wọ́n ń pa lọ́dún kí ó tó di ọdún 2022.

Ilé-ẹjọ́, òfin àti ìmọ́lẹ̀ lára ẹyin

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ gíga tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso, èyí tó wà ní Leipzig, dájọ́ pé èrè owó nìkan kì í ṣe ìdí tó tó láti pa òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n fún àwọn ilé-iṣẹ́ láyè díẹ̀ títí ọ̀nà mìíràn yóò fi wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Bundestag ní Berlin fọwọ́ sí òfin tuntun. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, ó ti di èèwọ̀ ní Jámánì láti pa òròmọdìẹ torí pé ó jẹ́ akọ.

Ọ̀nà mìíràn wo ló wà? Èkíní ni pé kí wọ́n mọ akọ kí ẹyin tó pa. Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta irú ẹyin bẹ́ẹ̀ fáráyé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ní àwọn ṣọ́ọ̀bù REWE àti Penny. Ilé-iṣẹ́ Seleggt ló wà nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n fi ìtànṣán lésà dá ihò tíntín lu èèpo ẹyin, wọ́n fa omi díẹ̀, wọ́n sì wá họ́mọ̀nù abo nínú rẹ̀. Ẹyin abo padà sínú ẹ̀rọ, ẹyin akọ di oúnjẹ ẹran. Ọ̀nà kan tún wà tí kò nílò ihò rárá: wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ẹyin kọjá láti wo àwọ̀ ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Irú adìẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí akọ àti abo rẹ̀ ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò ó fún.

Àmọ́, ìgbà wo ni ọmọ inú ẹyin ń mọ ìrora? Òfin àkọ́kọ́ fẹ́ kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà, láti ọdún 2024. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ìwádìí, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ó ń mọ ìrora kó tó di ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n sì yí òfin náà padà. Láti ọdún 2024, ọjọ́ kẹtàlá ni ààlà.

Àwọn kan ní èyí dára ju gáàsì lọ. Àwọn mìíràn ní ṣe ni a kàn gbé ikú sínú èèpo kí ojú wa má baà rí i. Ohun kan tó dájú ni pé òfin náà kò dí ọ̀nà fún ẹyin tí wọ́n bá kó wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, kò sì kan ẹyin inú kéèkì àti núdù tó ti òkèèrè wá.

Sẹ́ǹtì mẹ́rin fún arákùnrin

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n sin akọ náà. Ní ọdún 2012, ní Lüneburger Heide tó wà ní gúúsù Hamburg, àwọn àgbẹ̀ Bauckhof àti àwọn oníṣòwò oúnjẹ bio dá Bruderhahn Initiative sílẹ̀. Orúkọ náà túmọ̀ sí àkùkọ arákùnrin. Ètò wọn rọrùn láti lóye: ẹni tó bá ra ẹyin abo yóò fi sẹ́ǹtì mẹ́rin lé owó ẹyin kọ̀ọ̀kan, owó náà ni wọn yóò sì fi bọ́ arákùnrin rẹ̀. Bíróílà á ti dé orí tábìlì láàárín oṣù kan àbọ̀, àkùkọ yìí á lò oṣù mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran rẹ̀ le díẹ̀, kò sì pọ̀. Ó dára fún ọbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ló jọ wá lójú jù. Òun ni kí wọ́n padà sí adìẹ tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, tí abo rẹ̀ ń yé ẹyin tó tó, tí akọ rẹ̀ sì ní ẹran tó tó. Zweinutzungshuhn ni wọ́n ń pè é. Ní agbègbè Berlin àti Brandenburg, ètò ei care ń lo irú kan tó wá láti ilẹ̀ Faransé, Les Bleues, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù. Lohmann pàápàá, ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní Cuxhaven níbi tí odò Elbe ti ń wọ òkun, tó sì ń ta irú adìẹ káàkiri ayé, ti bí tirẹ̀, ó pè é ní Lohmann Dual. Ẹyin irú adìẹ bẹ́ẹ̀ kò tó ti adìẹ 300, nítorí náà ó wọ́n. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rà á.

Ẹ wò ó dáadáa. Adìẹ tó ń yé ẹyin níwọ̀nba, tó ń sàba, tí akọ rẹ̀ ṣeé jẹ, tí kò sì sí ẹnì kankan tó ń pa akọ rẹ̀ dànù. Ṣé kì í ṣe adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ṣàpèjúwe yìí?

Adìẹ ilé wa

Nílẹ̀ Yorùbá, adìẹ ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀. Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ sọ pé adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ló tan yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ká orí omi títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Nínú agbo ilé, akọ kò ṣe ìṣòro fún ẹnikẹ́ni rí. Abo ni wọ́n ń dá sí kó lè bímọ, akọ ni wọ́n ń pa fún àlejò, fún ọdún, fún ìnáwó, òun náà ni wọ́n ń tà nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ bá dé. Ẹni tí kò ní adìẹ lè gba abo kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti máa sìn ín, kí wọ́n wá pín ọmọ tó bá pa. Ikán, èérí àgbàdo àti ohun tó bá ṣẹ́kù ní ilé ìdáná ni oúnjẹ wọn.

Ilé-Ifẹ̀ kan náà ni àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti pàdé ní ọdún 1989 lórí ọ̀rọ̀ adìẹ abúlé, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó padà di ti gbogbo àgbáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. B. Sonaiya ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló ṣíwájú wọn, òun náà sì wà lára àwọn tó kọ ìwé ìtọ́ni tí àjọ FAO gbé jáde ní ọdún 2004 fún àwọn tó ń sin adìẹ níwọ̀nba. Ní Abẹ́òkúta, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀, FUNAAB, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa adìẹ ìbílẹ̀ lẹ́ṣà títí wọ́n fi bí FUNAAB Alpha, tí ìjọba fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018. Ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, Amo Farm Sieberer Hatchery ń pa Noiler, tí àwọn obìnrin abúlé ń rà láti sìn fún ẹyin àti ẹran. Ohun tí Berlin ń wá lówó gọbọi, àwọn ènìyàn wa kò tíì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká purọ́ fún ara wa. Ìyá adìẹ kò lè gba gbogbo ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àṣá ń gbé, ológbò ń gbé, ọkọ̀ ń tẹ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ òròmọdìẹ abúlé kì í pé oṣù méjì. Èyí tó burú jù ni lúkúlúkú, àrùn tí àwọn òyìnbó ń pè ní Newcastle, tó lè wọ agbo ilé ní àsìkò ọyẹ́, tí yóò sì pa gbogbo adìẹ ibẹ̀ tán láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oògùn àjẹsára rẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí NVRI ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é, ó sì ṣòro kó tó dé ọwọ́ ìyá arúgbó tó ní adìẹ mẹ́fà ní oko. Nítorí náà, a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tiwa kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àìrówó àti àìsí ìtọ́jú ló ń pa tiwa. Ti ibí, ìṣirò ni wọ́n fi pa á.

Kí ẹ tó ki ẹ̀rọ bọ iná

Ínkúbétọ̀ kékeré kò wọ́n mọ́, ẹnikẹ́ni lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ń wù láti gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá tàbí nínú ọgbà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú nìyí.

Èkíní, ní Jámánì, adìẹ kan ṣoṣo pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi tó Veterinäramt àdúgbò yín létí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo adìẹ ló sì gbọ́dọ̀ gba àjẹsára lúkúlúkú, iye yòówù kó jẹ́. Ohun tí ìyá arúgbó ní oko ń wá tí kò rí, dandan ni níbí.

Èkejì, ẹ wo ibi tí ẹ ń gbé. Onílé lè kọ̀. Òfin Kleingarten kì í sábà fàyè gba ẹran ọ̀sìn. Àkùkọ tó ń kọ ní aago mẹ́rin ìdájí láàárín ilé alájà mẹ́rin ní Neukölln tàbí Wilhelmsburg yóò di ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wá ilé fún àwọn akọ kí ẹ tó wá ẹyin. Bí ẹ bá to ẹyin 12 tí mẹ́jọ sì pa, ẹ ṣírò akọ mẹ́rin. Àgbẹ̀ tó bá ní òun yóò gbà wọ́n, ẹ bi í ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, kí ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Kò burú bó bá jẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. Ohun tó burú ni kí a má fẹ́ mọ̀. Ìbéèrè kan náà yìí ló yẹ kí olùkọ́ àti òbí bi ẹni tó fi àpótí háyà fún Kita wọn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá mọ ẹni tó ní adìẹ tó ń sàba, òun ló dára jù. Kò jẹ iná, kò nílò kí ẹnikẹ́ni dìde lóru láti yí ẹyin. Òròmọdìẹ ọjọ́ kan tí kò ní ìyá pàápàá, ẹ lè rọra kì í bọ abẹ́ rẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ọmọ tirẹ̀ bá ń pa, ó sì sábà máa ń gbà á bí ọmọ.

Bí kò bá sí àyè, ẹ lọ wò wọ́n. Ní Berlin, Domäne Dahlem, lẹ́bàá ibùdókọ̀ U-Bahn Dahlem-Dorf, jẹ́ oko gidi láàárín ìlú. Kinderbauernhof Pinke-Panke ní Pankow náà ní adìẹ tí àwọn ọmọdé ń bá ṣeré. Ẹ mú àwọn àbúrò yín dání.

Àwọn tí kò ní sin adìẹ láéláé ńkọ́? A ṣáà ń jẹ ẹyin. Kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sára ẹyin ń sọ bí adìẹ ṣe ń gbé: 0 ni ti bio, 1 ni ti adìẹ tó ń jáde síta, 2 ni ti inú ilé, 3 ni ti inú àhámọ́. Kò sọ ohun kankan nípa àwọn akọ. Ara páálí ni ẹ ti máa rí „ohne Kükentöten“, àkọlé náà kò sì sọ bóyá wọ́n sin arákùnrin ni tàbí wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbà tó wà nínú ẹyin. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á. Ní ọjọ́ ọjà, ní Hamburg tàbí ní Berlin, ẹ dúró ní iwájú rẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì bi í pé: àwọn arákùnrin adìẹ yìí dà? Ẹni tó bá sin wọn yóò dùn láti dáhùn.